Fáànù Balùwẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Máa Lé Ọ̀rinrin Jáde Síta Kí Ògiri àti Àjà Má Baà Bu

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú balùwẹ̀, tó ń yí, tó ń pariwo, tó sì ń jẹ iná, síbẹ̀ tí àjà ń dúdú, tí ọ̀dà ń ṣí, tí òórùn bíbu kò sì kúrò lára táwẹ́ẹ̀lì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fáànù le. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló dí, tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà kò jáde nílé rárá: wọ́n kàn gbé ẹnu páìpù sílẹ̀ sókè àjà, wọ́n sì bo ibẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ. Ní dígírì 25 Celsius, kúbíkì mítà (m³) afẹ́fẹ́ kan lè gbé nǹkan bíi gíráàmù omi 23 kó tó kún. Ní dígírì 10, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 9 lọ. Tí ẹ bá fi omi gbígbóná wẹ̀, afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ á gbé omi yó, ibi tútù tó bá sì kọ́kọ́ fara kàn ló ti máa sọ èyí tí kò lè gbé mọ́ kalẹ̀: gíláàsì fèrèsé, igun ògiri tó kọjú síta, abẹ́ páànù òrùlé lóru.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òkè àjà. Fáànù tó ń fa m³ 83 ní wákàtí kan á ti fa nǹkan bíi m³ 28 láàárín ìṣẹ́jú 20. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kún fún omi pátápátá ní dígírì 25, omi inú rẹ̀ ju gíráàmù 600 lọ, ìyẹn ni pé ó ju àbọ̀ lítà lọ. Kódà bí ó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló débẹ̀ lójoojúmọ́, igi òrùlé á jẹrà, ìṣó á dípẹtà, àjà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ẹnu páìpù sílẹ̀ sókè àjà láé, bó ti wù kí òkè àjà náà fẹ̀ tó. Ìta gbangba ni kó yọrí sí.

Kí ẹ tó ra fáànù

Ẹ wọn gígùn, ìbú àti gíga balùwẹ̀. Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po ìbú, kí ẹ tún sọ èyí tó jáde di ìlọ́po gíga. Balùwẹ̀ tó gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní mítà 1.8, tó sì ga ní mítà 2.4 máa gba afẹ́fẹ́ tó jẹ́ m³ 10.4. Ó dára kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pààrọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ láàárín wákàtí kan. 10.4 lọ́nà 8 jẹ́ m³ 83 ní wákàtí kan, tàbí nǹkan bíi lítà 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ilé kíkọ́ ní England ní kí fáànù balùwẹ̀ má dín sí lítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá. ASHRAE 62.2, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, béèrè cfm 50 (ẹsẹ̀ bàtà kúbíkì 50 ní ìṣẹ́jú kan), tó sún mọ́ lítà 24 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìṣirò balùwẹ̀ kékeré bá tilẹ̀ gbé yín wá sí lítà 10, ẹ má ra fáànù tó kéré sí lítà 15.

Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí jẹ́ ti fáànù tí kò sí páìpù kankan lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ti so páìpù, kọ́nà àti ìbòrí ìta mọ́ ọn, nọ́ńbà náà á já wálẹ̀, nígbà mìíràn dé ìdajì. Nítorí náà ẹ ra èyí tó ju ìṣirò yín lọ díẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní axial ní apá tó ń yí bíi ti fáànù orí tábìlì. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn. Ara ògiri tó kọjú síta ni àyè rẹ̀, níbi tí páìpù kò ti ju ìnípọn ògiri lọ, tàbí tó pẹ́ jù, mítà kan àbọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní centrifugal lágbára jù ú lọ, ó sì lè ti afẹ́fẹ́ gba páìpù mítà mélòó kan. Ẹ̀kẹta ni inline, èyí tí wọ́n ń gbé sáàárín páìpù lókè àjà, tó fi jẹ́ pé ojú ihò lásán ni ẹ máa rí nínú balùwẹ̀. Ariwo rẹ̀ kéré, ó sì dára fún ọ̀nà tó ju mítà mẹ́ta lọ. Tí páìpù yín bá máa gba òkè àjà kọjá, ẹ gbójú kúrò lára axial. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́, ọ̀dà àti àjà tuntun ló máa gbà á.

Ọ̀nà tí páìpù máa gbà

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ọ̀nà tó kúrú jù, tó sì tọ́ jù, ni kí ẹ yàn. Tí balùwẹ̀ bá ní ògiri tó kọjú síta, ẹ gba inú rẹ̀ jáde, ó tán. Bí kò bá ní, ẹ gba òkè àjà lọ sí ògiri ìta tó sún mọ́ ọn jù, tàbí kí ẹ yọ ọ́ láti orí òrùlé pẹ̀lú ìbòrí tí wọ́n ṣe fún òrùlé. Abẹ́ etí òrùlé ni a kò fẹ́ràn. Níbi tí ihò bá wà lábẹ́ etí òrùlé kí òkè àjà lè máa mí, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tí fáànù sọ síbẹ̀ á kàn padà wọlé láti inú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tún jìnnà sí fèrèsé tó máa ń ṣí sílẹ̀.

Ẹ má dín ẹnu páìpù kù. Bí ẹnu fáànù bá jẹ́ mìlímítà 100, páìpù 100 ni kó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin tí fáànù yín jẹ́ 150, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 100 parí rẹ̀ nítorí pé òun ló ṣẹ́kù nílé ìtajà. Fáànù náà á máa pariwo, afẹ́fẹ́ kò sì ní jáde.

Gbogbo kọ́nà ló ń jẹ agbára fáànù. Kọ́nà kan tó ṣẹ́ ní dígírì 90 lè gba agbára tó tó ti mítà kan tàbí méjì páìpù tó tọ́. Ibi tó bá ti pọn dandan kí páìpù yà, kọ́nà dígírì 45 méjì sàn ju ẹyọ 90 kan lọ. Kọ́nà tó burú jù ni èyí tó wà lẹ́yìn fáànù gan-an. Ẹ jẹ́ kí páìpù kọ́kọ́ lọ tààrà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kó tó yà.

Páìpù PVC líle tí inú rẹ̀ ń dán ló dára jù. Páìpù rírọ̀ onífóìlì tó ń fà bí ìfun ní ìlà-ìlà nínú, àwọn ìlà yẹn sì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá lò ó, kó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ láti so fáànù mọ́ páìpù líle, kí ẹ sì nà án tán. Páálí kan sábà máa ń gùn ní mítà mẹ́ta. Tí mítà kan lé díẹ̀ bá tó, ẹ gé ìyókù sọnù. Àwọn kan kì í gé e. Wọ́n á ká ìyókù sílẹ̀ lókè àjà, páìpù á sì sọ̀ kalẹ̀ láàárín, á yọ ikùn. Inú ikùn yẹn ni omi máa ń kó sí. Tí ẹ bá gun òkè àjà lọ, tí ẹ sì fọwọ́ gbé irú páìpù bẹ́ẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ máa gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀. Omi náà lè pọ̀ débi tó fi máa dí ẹnu páìpù pa, fáànù á wá máa ti afẹ́fẹ́ lu omi títí yóò fi jóná, tàbí kí omi náà ṣàn padà, kó sì máa kán látinú fáànù sí yín lórí.

Láti yẹra fún èyí, ẹ jẹ́ kí páìpù dagẹ̀rẹ̀ síta, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi okùn irin tàbí kílíìpù mú un mọ́ igi òrùlé kó má lè sọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wé e. Páìpù tó bá gba òkè àjà tó máa ń tutù lóru gbọ́dọ̀ ní ìbora tó nípọn tó mìlímítà 25, láti ìdí fáànù títí dé ibi tó ti jáde, láìsí àlàfo láàárín. Àlàfo kékeré kan tó, ibẹ̀ ni omi á ti máa sẹ̀. Bí páìpù bá lọ sókè tààrà sí orí òrùlé, kò sí bó ṣe máa dagẹ̀rẹ̀ síta. Ẹ fi ife ìgbomi tí wọ́n ṣe fún un sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ní páìpù tín-ínrín tó ń gbé omi lọ síta, kí omi má baà bọ́ sórí mọ́tò fáànù.

Ẹ má so páìpù yìí pọ̀ mọ́ ti fáànù ilé ìdáná, nítorí ọ̀rá àti ewu iná. Ẹ má so ó mọ́ páìpù tó ń gbé òórùn ilé ìgbẹ́ gba òrùlé jáde, nítorí ọjọ́ tí fáànù bá dákẹ́, òórùn náà á wọlé tọ̀ yín wá. Mọ́ páìpù èéfín ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbóná omi, ẹ má tilẹ̀ rò ó.

Lílu ògiri àti síso páìpù

Ibi tí fáànù máa wà: ní òkè pátápátá, kó má jìn sí àjà ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, kó sún mọ́ ṣáwà, kó sì jìnnà sí ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á gba inú gbogbo yàrá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Bí fáànù bá wà lórí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ló máa máa fà, ọ̀rinrin inú ṣáwà á sì jókòó síbi tó wà.

1. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wá wáyà yẹ ògiri náà wò, kí ẹ rí i dájú pé wáyà tàbí páìpù omi kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wo ẹ̀yìn ògiri náà níta pẹ̀lú.

2. Láti inú, ẹ fi bíìtì gígùn tó tó mìlímítà 10 lu ihò atọ́nà kan já síta. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ síta díẹ̀, tó bíi mìlímítà 5 láti inú dé ìta, kí òjò má baà rí ọ̀nà wọlé.

3. Fún páìpù tí ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 110, ẹ lo bíìtì oníhò fẹ̀ǹfẹ̀ tó jẹ́ 117, pẹ̀lú dírílù tó lágbára tí ẹ ti pa ìkànlù rẹ̀. Ẹ lu láti inú dé ìdajì, kí ẹ lọ síta lọ lu ìyókù. Ẹni tó bá ti inú lu gbogbo rẹ̀ já máa já ojú bíríkì ìta dànù.

4. Ẹ ti páìpù wọlé, kí ẹ gé e kó bá ojú ògiri dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Páìpù gbọ́dọ̀ gba gbogbo ìnípọn ògiri kọjá. Nínú ògiri tó ní àlàfo láàárín, ihò tí kò ní páìpù á máa tú ọ̀rinrin sínú ògiri fúnra rẹ̀.

5. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn dí àyíká páìpù nínú àti níta.

6. Ẹ gbé ìbòrí ìta sí i. Ẹ fi sílíkóònù sí òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí omi tó bá wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí ọ̀nà ṣàn jáde.

Nípa ìbòrí náà, ẹ yan èyí tó ní ìdérí tó ń ṣí nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́, tó sì ń padé fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dákẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi síkúrù mú un mọ́ ògiri. Bí ẹ bá fún síkúrù náà jù, férémù á tẹ̀, ìdérí á sì há. Nẹ́ẹ̀tì tín-ínrín bíi ti ẹ̀fọn kò dára níbẹ̀. Fọ́nrán táwẹ́ẹ̀lì, irun àti eruku á dí i láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹyẹ tàbí eku bá ń dà yín láàmú, nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ tó mìlímítà 6 tó.

Gbogbo oríkèé páìpù ni kí ẹ fi kílíìpù irin mú, kí ẹ tún fi téèpù fóìlì wé e. Téèpù alásọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ kì í pẹ́ ṣí tí ooru òkè àjà bá ti mú un, páìpù á sì yọ láìsí ẹni tó mọ̀.

Iná

Omi àti iná mànàmáná wà nínú yàrá kan náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ so ó. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni ìwọ̀nyí. Fáànù tó wà lókè ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ṣáwà, tàbí tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí wọn, tí kò sì ga tó mítà 2.25 láti ilẹ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ IPX4 ó kéré tán, ìyẹn àmì pé omi tó bá ta sí i lára kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Kó ní fíúsì tirẹ̀, amp 3 ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ sì wo ohun tí ìwé fáànù náà sọ. Kó wà lórí ẹ̀rọ adáàbòbò RCD, èyí tó ń pa iná kíákíá bí iná bá ń jò, tó jẹ́ mA 30. Kó ní súìṣì níta balùwẹ̀ tó ń pa gbogbo wáyà tó wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà táímà, kí ẹni tó ń tún un ṣe má baà kú.

Ẹ ra èyí tó ní táímà. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́yìn tí ẹ bá ti wẹ̀ tán, nítorí omi ṣì wà lára táìlì àti táwẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ jáde, òun náà á sì máa gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Èyí tó ń mọ ọ̀rinrin fúnra rẹ̀ tún dára sí i nílé tí àwọn èèyàn ti máa ń gbàgbé. Ẹ gbé e sí ìdá 65 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ibi tí ẹ ń gbé bá ní ọ̀rinrin púpọ̀ níta, tí ẹ sì gbé e sí ìdá 50, kò ní dákẹ́ láéláé.

Ọ̀nà àbáwọlé

Fáànù kò lè fa afẹ́fẹ́ jáde nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ mìíràn kò lè wọ̀. Ẹ jẹ́ kí àlàfo mìlímítà 10 wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ táìlì tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní mìlímítà 760, àlàfo yìí jẹ́ mm² 7,600, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu páìpù 100 dọ́gba, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 7,850. Bí ẹ bá gé àlàfo sí ìdajì, bí ìgbà tí ẹ fi páìpù kékeré sí i ni. Ẹ ti fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ fèrèsé ni yóò máa fà wọlé tí yóò máa fà jáde.

Ìkìlọ̀ ńlá kan: bí ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì, igi tàbí kẹrosíìnì, tó sì ń gba afẹ́fẹ́ rẹ̀ látinú ilé bá wà nítòsí, fáànù lè fa èéfín rẹ̀ padà sínú yàrá, carbon monoxide inú rẹ̀ sì ń pa èèyàn láìní òórùn. Ẹ pe oníṣẹ́ gáàsì kó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí gbogbo fáànù ilé ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó lo fáànù tuntun náà.

Ìdánwò

Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ tan fáànù, kí ẹ sì gbé ewé tíṣù kan sí ojú rẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọn láìjábọ́. Èyí fi hàn pé ó ń fà, kò fi hàn pé ó ń jáde. Ẹ lọ síta lọ wo ìdérí: ó yẹ kó ṣí dáadáa, kí ẹ sì fọwọ́ mọ afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Bí ohùn fáànù bá yí padà, tí tíṣù sì lẹ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, abẹ́ ilẹ̀kùn ló há jù.

Bí tíṣù bá lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìdérí ìta kò mira, páìpù ti yọ lókè àjà tàbí omi ti dí i. Bí omi bá ń kán láti ojú fáànù ní òwúrọ̀ ọjọ́ tútù nìkan, ìbora páìpù ni kí ẹ wò. Bí ó bá ń kán nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ìbòrí òrùlé ló ń jò. Ìdérí tó ń gbá pá-pá-pá nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ nílò ìbòrí tó bo ojú rẹ̀ síta, ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Fáànù tó dédé ń pariwo lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan sábà máa ń jẹ́ èyí tí eruku ti wúwo lára apá rẹ̀ tó ń yí.

Bí gbogbo èyí bá dára, tí ibì kan lára ògiri ṣì ń rin, ẹ ṣọ́ ọ. Rírin tó ń gbilẹ̀ lẹ́yìn òjò, tàbí tó ń gun òkè láti ìdí ògiri, tàbí tó wà lẹ́yìn páìpù omi, jíjò ni. Fáànù tó lágbára jù láyé kò lè gbẹ ẹ́. Ẹ wá orísun omi náà kí ẹ tó kun ọ̀dà kankan.

Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ pa iná rẹ̀ láti súìṣì òde, ẹ yọ ojú fáànù, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Búrọ́ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá apá rẹ̀ tó ń yí, ẹ má da omi sí mọ́tò. Ẹ fi ọwọ́ ṣí ìdérí ìta, kí ẹ tún nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń padé. Ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọwọ́ tọ páìpù láti ìdí fáànù dé ògiri ìta, oríkèé kan lẹ́yìn òmíràn.